RAM pọ̀ nínú DOS, síbẹ̀ àyè kò sí: ṣé iṣẹ́ méjì lè jọ máa lọ lórí rẹ̀?

Ìbéèrè: "Mo ní kọ̀ǹpútà 486 àtijọ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. MS-DOS 6.22 ni ètò tó ń darí rẹ̀, RAM rẹ̀, ìyẹn mẹ́mórì rẹ̀, sì jẹ́ 8 MB. Prógírámù ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ máa lò, àmọ́ bí mo bá ti pè é báyìí, 'Program too big to fit in memory' ló máa kọ sójú skírìn. Mo fi RAM 8 MB mìíràn kún un, ó di 16 MB, ohun kan náà ló ṣì ń sọ. Ìkejì, mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá mi to fáìlì ńlá kan lẹ́sẹẹsẹ nígbà tí èmi bá ń kọ lẹ́tà lọ́wọ́. Ṣé DOS lè ṣe é?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ àtúnṣe o. Kò sí nǹkan tó ṣe RAM tí ẹ rà, ẹ ò sì fi sí i sódì. Ibi tí ó wà ni prógírámù yín kò lè dé.

Ẹ tẹ MEM, kí ẹ sì tẹ Enter. Nọ́ńbà rẹpẹtẹ ló máa jáde, ẹ má da ara yín láàmú lórí gbogbo rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló ń dájọ́, èyí tí wọ́n kọ "Largest executable program size" sí. Bí ó bá jẹ́ 480K, prógírámù tó bá nílò ju 480K lọ kò ní ṣí, ì báà jẹ́ 4 MB lẹ ní, ì báà jẹ́ 64 MB. Orí nọ́ńbà yẹn náà ni ìdáhùn ìbéèrè kejì yín dá lé, torí pé ohun tí ẹ bá fi ṣòfò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, inú gbogbo prógírámù tí ẹ bá jọ ṣí ló ti máa ṣòfò.

Ibo ni ìdíwọ́ yìí ti wá? CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) Intel 8088 tó wà nínú IBM PC, èyí tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, wáyà 20 péré ló fi ń pe àdírẹ́sì mẹ́mórì. Wáyà 20 kò lè pè ju àdírẹ́sì 1,048,576 lọ, ìyẹn 1 MB. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà wá pín 1 MB yìí sí méjì: 640 KB ìsàlẹ̀ jẹ́ ti DOS àti prógírámù, 384 KB òkè jẹ́ ti skírìn, BIOS (prógírámù tó ń jí ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá tàn án), àti káàdì tí èèyàn bá kì bọ inú ẹ̀rọ. Nígbà yẹn, 16 KB ló wà nínú èyí tó kéré jù tí wọ́n ń tà. Ìlọ́po 40 rẹ̀ ni 640 KB, ta ló máa rò pé ó lè kún? Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé Bill Gates ló ní 640 KB ti tó gbogbo ayé. Òun fúnra rẹ̀ ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ẹ lè wá béèrè pé nígbà tí RAM pọ̀ tán, kí ló dé tí wọn ò kàn sún ààlà náà sókè. Àwọn prógírámù ni kò jẹ́. Ẹ mú skírìn wò. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní skírìn aláwọ̀, àdírẹ́sì B800:0000 ni igun òkè lápá òsì. Bí prógírámù bá fi nọ́ńbà 65 síbẹ̀, lẹ́tà A yọ lójú skírìn lójú ẹsẹ̀. Báìtì tó tẹ̀ lé e ló ń sọ àwọ̀ tí lẹ́tà náà máa ní. Ìlà 25, lẹ́tà 80 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, báìtì méjì fún lẹ́tà kan: 4,000 báìtì ni ojú skírìn odindi. DOS fúnra rẹ̀ lè bá èèyàn gbé ọ̀rọ̀ sójú skírìn, àmọ́ ó ń falẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí prógírámù òun yá, B800 ló ń kọ ọ́ sí tààrà. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá gbé skírìn kúrò níbẹ̀, àìmọye prógírámù dákẹ́ nìyẹn. Wọ́n gbé e síbẹ̀ ní 1981, ibẹ̀ náà ló ṣì wà lórí 486 yín.

Intel 80286 tó wà nínú IBM PC AT ọdún 1984 lè dé 16 MB, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tó bá bọ́ sí ipò tí wọ́n ń pè ní protected mode, DOS kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ibẹ̀. Bí ẹ bá tan 486 yín lónìí, bí 8088 ló ń ṣe. Ó kàn ń sáré jù ú lọ fíìfíì ni.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ nípa rẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni 8088 fi ń pe àdírẹ́sì: ó máa sọ èkíní di ìlọ́po 16, á wá fi èkejì kún un. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá wà ní góńgó wọn, ìyẹn FFFF:FFFF, àròpọ̀ wọn á fi 65,520 báìtì kọjá 1 MB. Lórí 8088, kò sí wáyà ìkọkànlélógún tó lè gbé àṣẹ́kù yẹn, nítorí náà àdírẹ́sì náà á yí padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn prógírámù kan sì ti gbójú lé e pé bó ṣe máa ń yí padà nìyẹn. Nígbà tí 286 dé pẹ̀lú wáyà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, IBM ní láti fi ìlẹ̀kùn sí wáyà yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní A20, kí àwọn prógírámù àtijọ́ má baà ṣìnà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń bójú tó kííbọọ̀dù ni wọ́n sì fa kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn náà lé lọ́wọ́, torí pé ó ní ẹsẹ̀ kan tó ṣófo. Kííbọọ̀dù ló wá di aṣọ́nà mẹ́mórì!

Ẹ̀bùrú yẹn ni HIMEM.SYS, prógírámù kékeré tó bá DOS wá láti bójú tó mẹ́mórì, ń lò. Ó máa ṣí A20, ó máa gba 65,520 báìtì náà tí wọ́n ń pè ní HMA, DOS á wá kó apá tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó lé ní 40 KB tí ẹ máa rí gbà padà nínú 640 KB lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ kò bá ṣe ohun mìíràn lẹ́yìn tí ẹ ka ìdáhùn yìí tán, ẹ ṣe ìyẹn.

Ẹ tún máa bá EMS, ọ̀nà mìíràn láti lo mẹ́mórì tó kọjá 640 KB, pàdé nínú ìwé ìlò àwọn prógírámù àtijọ́. Lotus, Intel àti Microsoft ló jọ fẹnu kò lé e lórí ní 1985, torí pé àwọn tó ń lo prógírámù ìṣirò ti kún 640 KB dé ẹnu. Wọ́n ya 64 KB sọ́tọ̀ láàárín 640 KB sí 1 MB, wọ́n pín in sí ojú mẹ́rin, 16 KB ní ojú kọ̀ọ̀kan. Mẹ́mórì ńlá tó wà lẹ́yìn á máa gba ojú mẹ́rin yìí yọ díẹ̀díẹ̀: ẹ pe èyí, ẹ lò ó, ẹ dá a padà, ẹ pe òmíràn. Prógírámù tí wọn ò bá kọ fún EMS kò lè jẹ àǹfààní rẹ̀ rárá. Ẹ yẹ ìwé ìlò prógírámù ìṣirò yín wò. Bí kò bá dárúkọ EMS, ẹ má fún un ní àyè, torí 64 KB yẹn wúlò níbòmíràn.

Báyìí ni mo ṣe máa kọ CONFIG.SYS, fáìlì ètò tí DOS ń kà nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, fún ẹ̀rọ yín:

DEVICE=C:\DOS\HIMEM.SYS
DEVICE=C:\DOS\EMM386.EXE NOEMS
DOS=HIGH,UMB
BUFFERS=20
FILES=40
DEVICEHIGH=C:\CD\ORUKO.SYS /D:MSCD001

Ẹ fi orúkọ driver CD yín (driver ni prógírámù kékeré tó ń bá DOS darí ohun èlò kan) rọ́pò ORUKO.SYS. Nínú AUTOEXEC.BAT, fáìlì àṣẹ tí DOS ń ṣe lẹ́yìn CONFIG.SYS, ẹ fi LH (àṣẹ tó ń gbé prógírámù lọ sí òkè 640 KB) ṣáájú MSCDEX (tó ń jẹ́ kí DOS lè ka CD) àti driver mouse. Bí ẹ kò bá ní CD, tàbí tí ẹ kì í sábà lò ó, ẹ yọ ti CD kúrò pátápátá. Nínú ohun tí mo ti rí lórí irú ẹ̀rọ báyìí, driver CD pẹ̀lú driver network ló máa ń jẹ àyè jù.

HIMEM ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, EMM386 á tẹ̀ lé e, torí ọwọ́ HIMEM ni EMM386 ti ń gba mẹ́mórì. Iṣẹ́ EMM386 ni pé kó wá àwọn ibi tó ṣófo nínú 384 KB òkè, kó sì fi RAM yín dí wọn, kí driver lè máa gbé ibẹ̀. UMB là ń pe irú àyè bẹ́ẹ̀. NOEMS ló ń sọ fún un pé kó má fi 64 KB ṣe ojú EMS. Bí ẹ bá nílò EMS lóòótọ́, ẹ fi RAM rọ́pò NOEMS.

Ohun kan máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu: MEM /C lè sọ pé UMB ṣì ní 30 KB tó ṣófo, kí driver tó jẹ́ 20 KB kọ̀ kó má wọ ibẹ̀. Ìdí ni pé driver míì máa ń fẹ́ àyè tó fẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé, á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sún kì tó bá jókòó tán. 20 KB tí ẹ rí yẹn ni ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn tó ti sún kì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn tó tóbi jù kọ́kọ́ wọlé nígbà tí àyè ṣì gbòòrò, kí àwọn kéékèèké tẹ̀ lé wọn. MemMaker tó bá DOS 6 wá lè bá yín ṣe ètò yìí. Kò burú, àmọ́ ẹ ṣe ẹ̀dà CONFIG.SYS àti AUTOEXEC.BAT pamọ́ kí ẹ tó pè é, torí ó máa fi oríṣiríṣi nọ́ńbà kún un tí ẹ kò ní lè kà mọ́. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò tàn dáadáa lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tẹ F5 bó bá ti kọ "Starting MS-DOS", á fo fáìlì méjèèjì. F8 á máa béèrè lọ́wọ́ yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Pẹ̀lú èyí, 600K tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ṣòro láti rí. Prógírámù ìṣirò yín máa ṣí. Bí kò bá sì ṣí, ẹ wò ó bóyá ẹ̀dà rẹ̀ tó jáde lẹ́yìn wà tó ní DOS extender nínú. Irú prógírámù bẹ́ẹ̀ máa ń fúnra rẹ̀ bọ́ sí protected mode, á sì lo 16 MB yín bó ṣe wù ú. Ọ̀nà tí Lotus 1-2-3 Release 3 gbà nìyẹn ní 1989.

Ó di ti iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé", DOS nìkan kò sì lè ṣe é. Bó bá ti pe prógírámù kan, gbogbo ẹ̀rọ ló fà lé e lọ́wọ́, kò tún ní bi í léèrè ohunkóhun títí tó fi máa parí. Ó tún wá kù síbì kan: ibì kan ṣoṣo ni DOS ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Ká ní prógírámù kan sọ pé "bá mi kọ fáìlì yìí", tí DOS ti ṣe é dé ìdajì, tí òmíràn tún já wọlé pé "bá mi ka tèmi", ti ẹni kejì á tẹ ti ẹni àkọ́kọ́ rẹ́. Bóyá ẹ̀rọ á gan, bóyá fáìlì á bàjẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ wù ú.

Síbẹ̀, láti ìgbà DOS 2.0 ní 1983 ni àṣẹ PRINT ti wà, tó ń tẹ ìwé jáde nígbà tí èèyàn ń ṣe nǹkan mìíràn. Báwo ló ṣe ń rí i ṣe? TSR ni, irú prógírámù tó máa ń dá àṣẹ padà fún DOS tí kò sì ní kúrò nínú mẹ́mórì. Aago inú kọ̀ǹpútà máa ń pe CPU kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní nǹkan bí ìgbà 18 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. PRINT so ara rẹ̀ mọ́ ìpè yẹn. Nígbàkígbà tí aago bá pè, á yọjú, á wo báìtì kan nínú DOS tí wọ́n ń pè ní InDOS. Bí báìtì náà bá jẹ́ òdo, ọwọ́ DOS dilẹ̀ nìyẹn, PRINT á yára fi lẹ́tà díẹ̀ ránṣẹ́ sí printer, á sì padà sùn. Bí kì í bá ṣe òdo, á dúró de ìgbà mìíràn. Ẹni tó kọ prógírámù yín tó ń to fáìlì kò kọ ọ́ báyìí, nítorí náà ẹ kò lè sọ ọ́ di TSR. Bí ẹ tilẹ̀ rí èyí tó jẹ́ TSR, inú 640 KB tí à ń du yìí náà ló máa wá jókòó sí.

Microsoft ṣe DOS kan ní 1986 tó lè gbé iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, MS-DOS 4.0 ni wọ́n pè é. Kò tàn kálẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí 4.0 ní 1988 kì í sì í ṣe òun.

DOSSHELL tó bá DOS 5 jáde ní 1991 ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Task Swapper. Ní ti 6.22, díìsìkì àfikún ni ẹ ti máa rí i. Ẹ lè ṣí prógírámù ìṣirò, kí ẹ tẹ Alt+Tab, kí ẹ bọ́ sínú lẹ́tà yín, kí ẹ tún padà. Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ á lọ sùn sórí hard disk títí ẹ fi máa padà pè é, kò ní ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílò nìyí nígbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: kí wọ́n lè wo ibì kan kí wọ́n sì padà láìpa ohunkóhun. Àmọ́ ẹ̀yin sọ pé kí títò fáìlì máa lọ lẹ́yìn. Ìyẹn ju èyí lọ.

Ohun tó lè ṣe é ti wà nínú 486 yín, ọ̀dọ̀ 80386 tó jáde ní 1985 ló ti jogún rẹ̀. Virtual 8086 mode ni wọ́n ń pè é. CPU kan ṣoṣo á ṣe bíi pé òun jẹ́ 8088 mélòó kan, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1 MB tirẹ̀, á sì máa pín àkókò láàárín wọn. Ó ń gé mẹ́mórì sí ègé 4 KB, ó sì lè sọ fún prógírámù pé ègé yìí wà ní àdírẹ́sì báyìí, nígbà tó jẹ́ pé ibi tó jìnnà sí i ló wà nínú RAM. EMM386 pẹ̀lú ọgbọ́n yìí kan náà ló fi ń dí àyè tó ṣófo ní òkè. Ẹ rántí B800. Prógírámù tó wà lẹ́yìn ṣì ń kọ lẹ́tà rẹ̀ sí B800 bí ìṣe rẹ̀, kò mọ̀ pé CPU ti yí àdírẹ́sì náà sí RAM lásán. Nígbà tí ẹ bá pè é wá síwájú, wọ́n á kó ohun tó kọ sínú RAM yẹn sójú skírìn gidi.

DESQview ti ilé iṣẹ́ Quarterdeck, pẹ̀lú QEMM tí wọ́n ṣe fún 386, ló mọ iṣẹ́ yìí ṣe jù nígbà ayé DOS. Bí ẹ bá rí i, tó sì jẹ́ prógírámù tí kò lo àwòrán nìkan lẹ ní, òun ni mo máa mú, torí kò wúwo. Bí Windows 3.1 ló wà lọ́wọ́ yín, òun náà máa ṣe é. Ẹ wo Help, About Program Manager, kí ẹ rí i pé "386 Enhanced Mode" ló kọ síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé: nínú Windows 3.1, prógírámù DOS tí ẹ bá fi sílẹ̀ lọ sínú òmíràn máa dúró gbagidi bí ẹ kò bá sọ pé kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ ṣí PIF Editor, ẹ ṣe fáìlì PIF (fáìlì tó ń sọ fún Windows bó ṣe máa ṣí prógírámù DOS) fún prógírámù tó ń to fáìlì, kí ẹ sì fi àmì sí Background níbi Execution. Bí ẹ bá tẹ Advanced, ẹ máa rí Background Priority 50 àti Foreground Priority 100. Ìpín ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìṣẹ́jú: tí àwọn méjì bá ń bára wọn du CPU, ẹni iwájú á gba ìlọ́po méjì ti ẹni ẹ̀yìn. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà kò nílò tó bẹ́ẹ̀, torí ìka èèyàn kò yá tó CPU. Mo máa gbé ti ẹ̀yìn sókè sí 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún prógírámù tó ń to fáìlì, kí n sì fi Detect Idle Time sílẹ̀ bó ṣe wà nínú PIF ti lẹ́tà. Prógírámù DOS tí kò ní iṣẹ́ máa ń jókòó ti kííbọọ̀dù, á máa bi í léèrè ní àìmọye ìgbà bóyá ẹnì kan ti tẹ nǹkan, CPU á sì máa ṣòfò síbẹ̀.

Ibí yìí ni 16 MB yín ti máa wúlò, torí inú rẹ̀ ni 1 MB ti prógírámù kọ̀ọ̀kan ti ń jáde. Ṣùgbọ́n bí DOS ṣe rí kí ẹ tó tẹ WIN ni wọ́n ń dà kọ fún gbogbo fèrèsé DOS tí ẹ bá ṣí. Driver tó jẹ 60 KB nínú 640 KB ṣáájú Windows á jẹ 60 KB nínú fèrèsé ti ìṣirò, á tún jẹ 60 KB nínú ti lẹ́tà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ tún CONFIG.SYS ṣe nìyẹn. TSR tó bá jẹ́ pé prógírámù kan ṣoṣo ló nílò rẹ̀, ẹ má fi í sínú AUTOEXEC.BAT. Ẹ kọ fáìlì BAT kékeré tó máa kọ́kọ́ pe TSR náà, kó tó wá pe prógírámù, kí PIF sì pe BAT yẹn. Inú fèrèsé yẹn nìkan ló máa mọ.

Kí ẹ tó wọ Windows, ẹ rí i pé SHARE.EXE ti wà nínú mẹ́mórì. Láìsí i, DOS kò ní mọ̀ bí fèrèsé méjì bá ṣí fáìlì kan náà, ẹni tó bá kọ gbẹ̀yìn ló máa pa ti èkejì rẹ́. Bó tilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má ṣí fáìlì tí ẹ ń tò lọ́wọ́ nínú prógírámù ìṣirò títí tó fi máa parí. Ẹ má sì pe DEFRAG tàbí CHKDSK /F, àwọn àṣẹ tó ń tún hard disk tò tàbí ṣe, láti inú Windows rárá. Ẹ jáde sí DOS kí ẹ tó ṣe ìyẹn, torí inú fáìlì tí àwọn yòókù ṣì ń lò ni wọ́n máa ń tọwọ́ bọ̀.